Bẹ́ńṣì Ẹ̀yìn Tí Mo Gbé Ràfíátù Lọ

Fọlákẹ́, ọmọ ọmọ mi, wọ bọ́ọ̀sì láti Gidan Kwano, níbi tó ti ń lọ yunifásítì, wá kí mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi ní òun fẹ́ pa ẹ̀kọ́ tí òun ń kọ́ tì, òun fẹ́ di tíṣà. Ó ní, "Màmá, ẹ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe dùn tó fún mi."

Mo ní, "Haba! Ta ló sọ fún ọ pé ó dùn?"

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Mo ní kó mú bírò, kí n máa sọ, kó máa kọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ yòókù tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe, ẹ bá a gbọ́. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, èmi sì ti jìn pátápátá.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gba àlàyé. Òṣìṣẹ́ réluwéè ni bàbá mi, Sabon Gari, àdúgbò àwọn àjèjì nílẹ̀ Hausa, ni a ń gbé, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí mi sí. Ní àwọn ọdún 1950, kí òmìnira tó dé, ilé-ìwé ìjọ kan ládùúgbò wa ń wá ọmọbìnrin tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé kíkà. Mo ti ka ìwé mẹ́fà, mo tún fi díẹ̀ lé e, wọ́n gbà mí. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀.

Ẹni tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Ọ̀gá Adéríbigbé, olórí ilé-ìwé náà. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba tọmọdé tàgbà. Ṣòkòtò kaki péńpé rẹ̀ máa ń le gan-an láti ara sítáàṣì, bó bá ń rìn bọ̀ a ó ti gbọ́ ọ kí a tó rí i. Ọdún kan gbáko ni mo fi dúró lẹ́yìn kíláàsì rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n nu pátákó, kí n pín síléètì, kí n máa wo bí ó ti ń ṣe é. Bí àwọn ọmọ bá lọ tán, á ní kí n kọ lẹ́tà sójú pátákó. Bí ẹyọ kan bá wọ́ báyìí, á mú dọ́sítà, á nu gbogbo rẹ̀ nù.

"Wúrà, tún un kọ. Ọmọ tó bá fojú kan lẹ́tà tó wọ́, wíwọ́ ni yóò máa kọ ọ́ dé sàréè."

"Ẹ má bínú, sà."

"N kò bínú. Tún un kọ."

Èmi ni mo ń bínú. Mo ń sunkún lọ sílé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ìyá mi ní kí n fara dà á, pé bí a bá fi ọwọ́ líle kọ́ iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń dúró lára. Òótọ́ ni. Ó dúró lára mi, tòun ti àṣìṣe inú rẹ̀.

Ọ̀gá ní òfin méjì nípa ìwé kíkà, kò sì sí ẹni tó lè yí wọn padà. Èkíní, a ó jọ kà á ni. Á fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tọ́ka sí ọ̀rọ̀ lójú pátákó, á pè é, kíláàsì á gbè é. Lẹ́yìn náà olúkúlùkù á ṣí ìwé, a ó tún jọ kà á. Ẹ̀ẹ̀meje. Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ dá kàwé àfi bí gbogbo kíláàsì bá ti jọ kà á lẹ́ẹ̀meje.

Òfin kejì ni ti ìjókòó. Iwájú, lẹ́sẹ̀ pátákó, ni ibùjókòó àwọn tí kò mọ̀wé, kí ọwọ́ pàṣán lè máa bá wọn. Bí ọmọ bá ṣe ń mọ̀wé sí i ni yóò máa sún sẹ́yìn, bẹ́ńṣì kan sí òmíràn, títí yóò fi dé bẹ́ńṣì tó kẹ́yìn lábẹ́ fèrèsé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Ẹ kò lè mọ ohun tí bẹ́ńṣì yẹn jẹ́ ní Sabon Gari nígbà náà. Bí àwọn ìyá bá pàdé lọ́jà, wọn kò ní béèrè pé ipò kelòó ni ọmọ ṣe. Wọn á ní, "Tìẹ ti dé ẹ̀yìn?" Bí ó bá ti dé ẹ̀yìn, orí ìyá á wú.

Àwọn ọmọ tí a ń kọ́ kò rí bákan náà, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Ọmọ réluwéè wà níbẹ̀ tó ti ń gbọ́ òyìnbó wẹ́wẹ́ nílé. Ọmọ wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé orúkọ nìkan ló kù lára rẹ̀ tó jẹ́ Yorùbá, Hausa ló ń sọ. Lọ́jọ́ kan tí Ọ̀gá ní kí n di kíláàsì mú fún òun, ọmọbìnrin kan ka "ewúrẹ́" ketekete lójú ìwé. Mo bi í pé kí ni ewúrẹ́. Ó ní, "Ban sani ba," òun kò mọ̀. Mo rọra ní, "Akuya ni." Ó fò sókè: "Ashe akuya ce!" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, ojú ọmọ náà mọ́lẹ̀ kedere. Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní bí òun bá tún gbọ́ Hausa nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá, èmi ni òun yóò mú, kì í ṣe ọmọ. Mo ní, "Mo ti gbọ́, sà." N kò sì ṣe é mọ́. Ẹ rí i, mo ti mọ ohun tó tọ́, mo sì pa á tì nítorí ìbẹ̀rù.

Ẹgbẹ́ kẹta ni àwọn ọmọ Ìlọrin tó ń ti ilé kéwú wá. Àwọn wọ̀nyí kò pọ̀, ṣùgbọ́n orí wọn pé. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì kì í jáde mọ́.

Ìgbà tí mo gba kíláàsì tèmi ni wọ́n mú Ràfíátù wá. Ọmọ bí ọdún mẹ́jọ ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú, ó máa ń yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ènìyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀. Àfáà Sálíù ni bàbá rẹ̀, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní agboolé wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló mú un wá, ojú rẹ̀ kò sì dùn.

Ó ní, "Tíṣà, èmi kò fẹ́ ilé-ìwé yín. Ọmọ yìí ló fẹ́ ẹ. Ó ti sunkún, ìyá rẹ̀ ti bẹ̀ mí. Mo fún un lọ́dún méjì. Bó bá mọ̀wé kà, kó máa bá a lọ, n kò ní dá a dúró láé. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, n ó fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin n'Ílọrin, kó máa bá a ṣiṣẹ́ ilé títí a ó fi fún un lọ́kọ."

Mo ní, "Àfáà, á mọ̀ ọ́n kà, lágbára Ọlọ́run."

Ràfíátù gbá aṣọ mi mú. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ṣèlérí?" Mo ní mo ṣèlérí.

Iwájú ni mo fi í sí, bí a ti ń ṣe fún gbogbo ọmọ tuntun. Níbẹ̀, lábẹ́ imú pátákó, ọmọ náà ń jó nínú ìwé. Bí mo bá kọ "a" gàgàrà, ó ti pè é. Bí mo bá kọ "ba", ó ti pè é kí n tó tọ́ka. Kí táàmù kìíní tó parí mo ti gbé e sún sẹ́yìn. Táàmù kejì, mo tún gbé e sún. Nígbà tó fi pé ọdún kan àti díẹ̀, ó ti dé bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ gbé wàrà wá fún mi nínú igbá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ sínú ìyẹ̀pẹ̀. Àfáà pàápàá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó ní, "Tíṣà, mo gbọ́ pé ọmọ mi ti dé ẹ̀yìn. Alhamdulillahi." Inú mi dùn dé ibi pé mi ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ojú mi rí tí n kò kà sí. Láti ìgbà tí Ràfíátù ti dé ẹ̀yìn, kì í wo pátákó mọ́. Ó máa ń di ìwé mú sí àyà, á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa mì síwá sẹ́yìn, á sì máa kà á geere ju gbogbo wọn lọ. Bí ojú ewé bá tán, á dúró díẹ̀. Bó bá gbọ́ tí àwọn yòókù ṣí ewé, òun náà á ṣí tirẹ̀. Mo rí gbogbo rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo ní bí àwọn ọmọ kéwú ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ó ku bí oṣù méjì kí ọdún méjì Àfáà pé nígbà tí ìsípẹ́kítọ̀ dé, láàárín ọyẹ́. Yorùbá bíi tiwa ni, ó wọ kóòtù, ó gbé báàgì aláwọ dání. Ó jókòó, a jọ kàwé fún un lẹ́ẹ̀meje, ilé ń mì tìtì. Ó ní, "Ó dára. Ẹ fún mi ní ẹni tó mọ̀ ọ́n jù."

Ọ̀gá wò mí. Mo wo ẹ̀yìn. "Ràfíátù, jáde wá."

Ó jáde, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìsípẹ́kítọ̀ mú ìwé wa, ó ṣí i láàárín, ó fi lé e lọ́wọ́. "Ka ibi tí mo ṣí yìí." Àwòrán odò ló wà lójú ewé náà, tòun ti ọkọ̀ ojú omi. Kíláàsì pa rọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó gbè é, kò sẹ́ni tó ṣí ewé. Ràfíátù gbé ìwé sí àyà, ó yí orí, ó fi ohùn dídùn bẹ̀rẹ̀:

"Àlàbí ní ewúrẹ́. Ewúrẹ́ Àlàbí já okùn..."

Ojú ewé kìíní nìyẹn. Ìsípẹ́kítọ̀ gbé ojú sókè. Ó na ọwọ́, ó rọra fa ìwé náà kúrò lọ́wọ́ ọmọ náà. Ràfíátù ń kà lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ó ṣì ń kà, títí ó fi mọ̀ pé ìwé kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọkùnrin náà pa báàgì rẹ̀ dé. Ó ní, "Odídẹrẹ́ lẹ ń sìn níbí." Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ lọ tán, Ọ̀gá kò jágbe mọ́ mi. Ì bá sàn kó jágbe. Ó kàn ní, "Wúrà, kíláàsì ta ni?"

"Tèmi ni, sà."

"Odídẹrẹ́ ta ni?"

Ìtìjú gbé mi, mo sì yí i sórí ọmọ. Mo ní, "Ràfíátù, ọdún méjì lo ti ń tàn mí jẹ!"

Ó ní, "Àǹtí, ṣebí mo kà á?"

"O ò kà á! Òpùrọ́! Òpùrọ́ ọmọ!"

Mo nà án ní pàṣán mẹ́ta níwájú gbogbo wọn. Fọlákẹ́, ọwọ́ ọ̀tún yìí ni, wò ó. Ọwọ́ tí mo fi ń bù oúnjẹ fún ọ náà ni. Kò sunkún. Ó ń wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mo ń sọ.

Nígbà tí Àfáà dé lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kò mọ̀wé kà, ẹ̀tàn ló ń ṣe.

Ó ní, "Kò mọ ọ̀kankan?"

"Kò mọ ọ̀kankan, Àfáà."

Ó ní, "Kò burú." Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ti sọ ọ́, ó sì ti fọ́.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo rí síléètì rẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo mú un lọ sí agboolé wọn. Mo bá Àfáà láàárín àwọn ọmọ kéwú. Wàláà kan fara ti ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn wàláà yòókù, lẹ́tà wẹ́wẹ́ ló kún inú wọn. Ti ara ògiri yìí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó àtàǹpàkò mi. Mo béèrè pé ti ta ni.

Ó ní, "Ti Ràfíátù ni. Kì í rí nǹkan wẹ́wẹ́, láti kékeré ni. Bí mo bá kọ ọ́ gbàǹgbà báyìí, ibi tó bá wù yín ni kí ẹ tọ́ka sí, á kà á fún yín."

Mo ní, "Àfáà, ẹ kò sọ fún wa!"

"Tíṣà, mo rò pé ẹ mọ̀ ni. Iwájú lẹ kọ́kọ́ fi í sí. Mo ní hẹn-ẹn, wọ́n ti rí i. Nígbà tí ẹ wá gbé e lọ sẹ́yìn, mo ní bóyá ẹ ti fi ọgbọ́n tiyín wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ̀yin lẹ kàwé."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Ó ní, "Subhanallah, Tíṣà, ẹ dìde." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọmọ náà padà wá, n ó máa kọ gbogbo ìwé gàgàrà fún un. Ó mi orí. Ràfíátù ti wọ réluwéè lọ sí Ìlọrin lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Òun ti fún ẹ̀gbọ́n òun lọ́rọ̀, ọ̀rọ̀ òun kì í ṣe méjì.

Ẹ mọ ohun tí mo ṣe nígbà tí mo délé? Mo kọ lẹ́tà sí i láti tọrọ àforíjì. Lẹ́tà! Mo ti lẹ̀ ẹ́ kí n tó rántí ẹni tí mo ń kọ ọ́ sí.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bá bẹ́ńṣì jà. Mo tọrọ páálí lọ́wọ́ àwọn onísọ́ọ̀bù Sabon Gari, mo gé e, mo kọ ọ̀rọ̀ sí i ní lẹ́tà tó tó àtẹ́lẹwọ́. Mo ń ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó sọ iye ìka tí mo nà. Àwọn tó ń gbọ́ Hausa jù, mo kọ́kọ́ ń sọ ìtàn inú ìwé fún wọn ní Hausa kí a tó kà á. Àwọn ọmọ kéwú, mo ní kí wọ́n máa kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí orí má baà ràn wọ́n lọ́wọ́ níbi tí ojú yẹ kó ti ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́, n kò ní purọ́. Ó ṣiṣẹ́ fún àwọn tó dúró.

Ṣùgbọ́n ta ló dúró? Ọ̀gá ní, "Ṣé ọsibítù lo sọ kíláàsì dà ni?" Ní gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń to bẹ́ńṣì padà sí bí òun ṣe fẹ́ ẹ. Nígbà tí ó fẹ̀yìntì, mo rò pé ó parí, àṣé àwọn òbí ló kù. Mo rí àwọn ọmọ méjì mìíràn tí ojú wọn kò ríran dáadáa, mo gbé wọn wá síwájú. Ìyá ọ̀kan kígbe lé mi lórí: "Kí ni ọmọ mi ṣe tí ẹ fi dá a padà sí bẹ́ńṣì olódo?" Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ. Ó ní ojú kò dun ọmọ òun, kí n má fi ọmọ òun ṣẹ̀sín. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti mú un kúrò. Ìkejì náà kò pẹ́ tó fi tẹ̀ lé e. Ìjókòó iwájú ti di ìtìjú, èmi pẹ̀lú wọn la jọ sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira, nǹkan yí padà. Síléètì lọ, ìwé ìdárayá... áà, Fọlákẹ́, kí ni mo ń wí? Ìwé àkọsílẹ̀ ni mo fẹ́ sọ pé ó dé, pa ìyẹn rẹ́. Wọ́n kó ìwé tuntun wá, aláwòrán mèremère, a ní ìgbàlà dé. Àwọn ọmọ wo àwòrán, wọ́n kọ́ èyí náà sórí. Ọmọ ń pọ̀ sí i, bẹ́ńṣì kò pọ̀ sí i. Lẹ́yìn họlidé gígùn kan, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ikán ti jẹ gbogbo páálí mi di ìyẹ̀pẹ̀. Mo tún wọn ṣe. N kò tún ní agbára ìgbà àkọ́kọ́ yẹn mọ́. Mo kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀ tí mo lè sọ fún ọ. Àwọn tí orí wọn pé mọ̀wé, bóyá èmi wà níbẹ̀ tàbí n kò sí. Àwọn tó nílò mi gan-an ni mo pàdánù.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ó kù díẹ̀ kí àwọn ọdún 1960 parí nígbà tí Àfáà Sálíù kú. Mo lọ síbi àdúà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Mo ń kí ìyá Ràfíátù ní yàrá àwọn obìnrin nígbà tí obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Àǹtí Wúrà? Ohùn yín nìyẹn!"

Òun ni. Ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀, ó ti bí méjì. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, èmi tí mo jẹ́ àgbà fún un. Mo ní kó dárí jì mí, pé kò purọ́, pé èmi ni n kò mọ̀ pé kò ríran.

Ó ń fà mí sókè, ó ń sọ pé, "Ẹ dìde, Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Èmi náà ò mọ̀. Ẹ ṣáà ní ká gbé ìwé dání, ká jọ máa sọ ọ́. Mo rò pé bí gbogbo yín ṣe ń kàwé nìyẹn. N ò mọ̀ pé àwọn yòókù ń rí nǹkan nínú ẹ̀."

Mo ń mi orí. Ó rò pé bóyá n kò gbà á gbọ́. Ó ní, "N ò gbàgbé ẹyọ kan, ẹ gbọ́." Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí àyà, òfìfo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì síwá sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń bá a mì.

"Àlàbí ní ewúrẹ́. Ewúrẹ́ Àlàbí já okùn. Ẹ bá Àlàbí mú un."

Ojú ewé kìíní parí síbẹ̀. Ó dákẹ́, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń dúró kí àwọn yòókù ṣí ewé.